Ilé ìsinmi tó ní hot tub létí òkun Wélsì fún ọjọ́ ìbí màmá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Reading)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Màmá mi ti dé láti Èkìtì ní oṣù Kẹjọ, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ half term (ìsinmi ilé-ìwé) oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa pé ẹni 70 ọdún. Mo fẹ́ gba gbọ̀ngàn kí n sì pe èèyàn, àmọ́ àwọn fúnra wọn ní àwọn ò fẹ́ ariwo. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń wo fóònù pẹ̀lú àwọn ìbejì ni wọ́n rí àwòrán ilé kékeré kan ní Wélsì: ọpọ́n omi gbígbóná ńlá, ìyẹn hot tub, wà lórí pákó lẹ́yìn ilé, ooru ń rú lójú omi, òkun sì tẹ́ rẹrẹ níwájú. Wọ́n ní, "Ṣé nínú òtútù yìí náà ni wọ́n ti jókòó sínú omi gbígbóná, bíi ti Ìkọ̀gọ̀sì?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti rí ilé náà.

Àwa méje la fẹ́ lọ: èmi àti ọkọ mi, àwọn ìbejì (ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n), àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, àti Màmá. Àbúrò mi wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún wọn ò sì fẹ́ àtẹ̀gùn púpọ̀.

Apá ibo ní Wélsì ló máa rọrùn fún wa? Ṣé Màmá lè wọ hot tub yẹn rárá? Wọ́n sì pe ilé kan fún mi ní £1,150 fún alẹ́ mẹ́rin. Ṣé kò ti pọ̀ jù?

Baba Tolú (Cardiff)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ̀mí wọn á gùn.

Láti Reading, ọ̀nà márosẹ̀ M4 ni ẹ máa tọ̀ lọ tààrà. Wọn kì í gba owó lórí afárá Severn mọ́ láti oṣù Kejìlá 2018, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Swansea àti ìlà òkun Gower máa gbà yín tó wákàtí mẹ́ta, Tenby àti Saundersfoot ní Pembrokeshire á gbà tó mẹ́rin. Tí ẹ bá ní apá Àríwá lẹ fẹ́, Llŷn tàbí Anglesey, ọ̀nà òkè ni, ó sì jìn sí yín. Mi ò ní gbé ìyá ẹni 70 ọdún gba ibẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin.

Gower lẹ́wà gan-an. Òun ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Britain tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹwà rẹ̀, ní 1956. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Rhossili, orí òkè lẹ máa gbé ọkọ̀ sí, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni iyanrìn wà. Ẹ máa rí i, orúnkún Màmá ò ní dé ibẹ̀. Saundersfoot ni mo máa mú. Ẹ lè gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá èbúté, iyanrìn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni. Tenby ò sì jìnnà síbẹ̀, ìlú olódi àtijọ́ ni, wọ́n kun àwọn ilé etí èbúté rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún eré ọkọ̀ o. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, máìlì 20 ni òfin Wélsì fi sí ọ̀pọ̀ títì àárín ìlú, kì í ṣe 30 bíi tiyín. Kámẹ́rà ò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ fi hot tub sílẹ̀, kí ẹ mú ilé tó dára.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi gba ilé kan ní Llŷn fún alẹ́ mẹ́ta, torí hot tub ni. A fi owó tó lé ní £200 kún ti ilé lásán. A dé níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ìyàwó mi ti wọ aṣọ ìwẹ̀ láti inú ọkọ̀. A ṣí ideri, omi tutù bíi ti kànga! A pe onílé, ó ní ká ní sùúrù, á gbóná. Ọjọ́ kejì, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Ọjọ́ kẹta ló gbóná, òjò sì rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú mi ò tíì yọ́ sí i títí di òní.

Ọmọ Ọ̀yọ́ (Haverfordwest)

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tún ilé ìsinmi ṣe ní Pembrokeshire. Aago mẹ́wàá ni àlejò àná ń jáde, aago mẹ́rin ni ti òní ń wọlé. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn la máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, fọ ilé ìdáná, gbálẹ̀, ká tó kan hot tub.

Ìlànà tí HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, gbé jáde ní 2017 ni pé kí a da omi nù, kí a fọ ọpọ́n náà, kí a sì rọ omi tuntun sí i kí àlejò mìíràn tó wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọpọ́n èèyàn mẹ́fà ń gba omi tó 1,200 lítà. Omi ẹ̀rọ ìta ní oṣù Kẹwàá á wà ní nǹkan bíi dígírì 11. Ẹ fẹ́ kó dé 38. Tí ohun tó ń se omi yẹn bá jẹ́ kílówáàtì mẹ́ta, dígírì méjì ló ń gùn ní wákàtí kan. Wákàtí 12 sí 13 nìyẹn! Tí mo bá parí rírọ omi ní aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́ta òru ló máa tó gbóná. Èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò iná lásán tún lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kílówáàtì méjì péré ni púpọ̀ nínú wọn ń lò.

Nítorí náà, omi tútù tí ẹ bá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi hàn pé ẹnì kan pààrọ̀ omi fún yín. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọpọ́n tó ń hó ní aago mẹ́rin ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé bó ṣe gbóná. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ńlá tó ń tètè se omi, àwọn mìíràn ń fa omi gbígbóná láti inú ilé sí i, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n mo ti bá ẹni tó ní kí n kàn da chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí omi àná, kí n dé ideri, kí n máa lọ. Mo fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí chlorine rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ni kòkòrò Legionella fẹ́ràn. Kì í ṣe mímu omi ló sábà máa ń kó o wọ ara. Ìkùukùu tó ń fò sókè bí omi ṣe ń ru lẹ máa fà sí imú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni ọjọ́ orí ló máa ń ṣe léṣe jù. Kòkòrò mìíràn tún wà tó ń sú èèyàn lára kéékèèké níbi tí aṣọ ìwẹ̀ bò. Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ omi, aago tó máa gbóná, àti ibi tí wọ́n ń kọ àyẹ̀wò omi sí. Onílé gidi máa fi ìwé yẹn hàn yín. Chlorine gbọ́dọ̀ wà láàárín 3 sí 5 míligíráàmù nínú lítà kan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Àbúrò, o ṣeun. Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀, ó sì yé mi dáadáa. Síbẹ̀ ẹ̀bi onílé wà ńbẹ̀. Ó mọ̀ pé omi ò ní gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ló dé tí kò kọ ọ́ sójú ìwé tó fi ń polówó? Alẹ́ mẹ́ta ló gba owó lé lórí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ (Haverfordwest)

Òótọ́ lẹ sọ, ó yẹ kó kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti san owó hot tub fún alẹ́ méjì. Mẹ́rin ló bójú mu, kí ẹ lè rí alẹ́ mẹ́ta lò nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àjọkẹ́ (Leicester)

Ẹ kú alẹ́ o. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ya ti àbúrò yín sọ́tọ̀ ná. Kó má wọ̀ ọ́. Ara aboyún tètè máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nínú omi bẹ́ẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ, NHS, àjọ ìlera ìjọba, náà sì gba aboyún níyànjú láti yẹra fún un. Kó jókòó sétí ọpọ́n, kó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ìyẹn ti tó.

Ti Màmá gba ìbéèrè. Omi gbígbóná ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Oògùn wọn náà ń fà á sílẹ̀. Tí méjèèjì bá pàdé, tí Màmá bá dìde lójijì láti jáde, wọ́n lè ṣubú lórí pákó tó tutù. Ẹ gbé orúkọ oògùn wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apòògùn kí ẹ tó san owó ilé kankan. Tí wọ́n bá gbà, ẹ sọ fún onílé kó mú omi wálẹ̀ sí 36, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí ẹnì kan wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì nígbà tí wọ́n bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Kí wọ́n mu omi dáadáa ṣáájú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́yìn iyán.

Àwọn ọmọ náà ò gbọdọ̀ ri orí bọ omi, wọn ò sì gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láìsí àgbà nítòsí, bí ẹ tilẹ̀ ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Ìyá Ìbejì (Reading)

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Wọ́n ní kí n kí Nọ́ọ̀sì Àjọkẹ́, pé ẹni tó bí i bí ọmọ. A ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́bọ̀.

Màmá tún béèrè nǹkan kan: wọ́n ń fi òrí para láràárọ̀ àti lálaalẹ́, torí òtútù ibí ń ha wọ́n lára. Ṣé ó burú?

Ọmọ Ọ̀yọ́ (Haverfordwest)

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Màmá. Tí òrí, àdí tàbí ìpara bá wọ inú hot tub, omi á yọ ìfófòó bíi ti ọṣẹ, á dọ̀tí, òróró á sì dí asẹ́ rẹ̀ pa. Chlorine á lọ bá òróró yẹn jà, kò ní ráyè pa kòkòrò. Kí gbogbo ilé kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ilé, kí wọ́n ṣan ara dáadáa. Òrí dìgbà tí ẹ bá jáde, ìgbà yẹn gan-an ló wúlò, torí chlorine ń mú ara gbẹ. Ẹ fi omi lásán ṣan aṣọ ìwẹ̀ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti fọ̀, torí ọṣẹ máa ń kù nínú rẹ̀.

Ti irun: ẹ kó o jọ sókè, kí ẹ fi fìlà ìwẹ̀ bò ó. Mo ti yọ irun àtọwọ́dá nínú asẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, onílé a sì máa yọ owó nínú owó ìdógò tí àlejò fi sílẹ̀ fún un.

Adé (Bangor)

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Àríwá díẹ̀, kí n sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ọdún kẹfà mi rèé ní Bangor. Èdè Wélsì ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé mi, ọmọ mi náà fi ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́. Tó bá dé ilé, Yorùbá la ń sọ. Nítorí náà, nígbà tí aládùúgbò mi bá sọ fún mi pé ọmọ òun kò rí ilé rà ní abúlé tí wọ́n bí i sí, torí àwọn tó ń ra ilé fún ìsinmi ti gbé owó rẹ̀ lọ sókè, ó máa ń dùn mí bíi pé abúlé tiwa ni. Bí ọ̀dọ́ bá kó lọ, ta ló máa sọ èdè náà níbẹ̀? Láti oṣù Kẹrin 2023, káńsù lágbára láti fi tó ìlọ́po mẹ́ta kún owó-orí ilé ẹni tó ní ilé kejì. Tí ẹ bá sì sọ pé ilé ìsinmi fún òwò lẹ ní, àlejò gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ 182 lọ́dún kí wọ́n tó kà á sí òwò. Òfin mìíràn tún jáde ní 2025: káńsù tó bá fẹ́ lè máa gba £1.30 lórí àlejò kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́, láti oṣù Kẹrin 2027.

Mi ò ní kí ẹ má wá o. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ládùúgbò, bóyá àgbẹ̀ tó kọ́ ilé kékeré sínú oko rẹ̀. Kí ẹ ra búrẹ́dì níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní "bore da" láàárọ̀, ẹ ní "diolch" tí wọ́n bá tà fún yín. Ẹ máa rí bí ojú wọn ṣe máa tàn.

Baba Tolú (Cardiff)

Adé, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n má gbàgbé pé owó àlejò ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ Ọmọ Ọ̀yọ́. Ó lójú ibi tí wọ́n ti ń rí iṣẹ́ lẹ́bàá òkun yìí nígbà òtútù.

Ọmọ Ọ̀yọ́ (Haverfordwest)

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ilé tí mo ń gbé náà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ń wá ibòmíràn báyìí. Nítorí náà mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín méjèèjì.

Adé (Bangor)

Ọlọ́run á pèsè ibi tó dáa fún ọ, àbúrò.

Ìyá Ìbejì, nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ tí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìtàn. Ní Colwyn Bay, etí òkun Àríwá níbí, àlùfáà Wélsì kan tó ń jẹ́ William Hughes dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí 1912. Wọ́n ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ Ọlọ́run. Mojola Agbebi ti Èkó, àgbà oníwàásù Onítẹ̀bọmi, bá Hughes ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn kú síbí, itẹ́ òkú Old Colwyn ni wọ́n sin wọ́n sí. Mo ti lọ síbẹ̀. Mo dúró tì wọ́n pẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Iléṣà ni wọ́n bí Agbebi sí o! David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀ ní 1894. N kò mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ gba Wélsì.

Ìyá Ìbejì (Reading)

A ti dé o, ẹ̀yin ará! Màmá ní kí n jókòó kọ ọ́ kí n tó ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yìn Saundersfoot la gba ilé sí, nínú oko àgbẹ̀ kan, bí Adé ṣe sọ. £980 ni a san fún alẹ́ mẹ́rin. Ilé méjì ni mo kọ́kọ́ béèrè gbogbo ìbéèrè Ọmọ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ò fèsì. Ìyá àgbẹ̀ yìí fèsì lọ́jọ́ náà: lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ bá dé, ó ní, omi á tutù, ẹ má wọ̀ ọ́, àárọ̀ Sátidé á ti dé 37. Ó fi àwòrán ìwé àyẹ̀wò omi ránṣẹ́. Àní kò sí àtẹ̀gùn kankan láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ọpọ́n wà, ó wọ̀n ọ́n fún mi.

Dókítà ní Màmá lè wọ̀ ọ́ ní 36, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé, èmi di apá ọ̀tún mú, ọkọ mi di òsì. Òjò wínníwínní ń rọ̀, àwọn ìbejì gbé agbòjò lé Màmá lórí. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀. Òkun wà níwájú, àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ti Ìkọ̀gọ̀sì kò rùn báyìí." Chlorine ni wọ́n ń gbóòórùn. Wọ́n wá ní ìyá wọn ló kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin apá kan nínú ọ̀nà náà, wọn ò sì tíì tó àwọn ìbejì nígbà yẹn. Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, a gbé wọn jáde, àbúrò mi ti ń dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura àti òrí. Ojoojúmọ́ la ṣe bẹ́ẹ̀ títí a fi padà.

Tenby rẹ Màmá, òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe fún orúnkún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n rin iyanrìn Saundersfoot nígbà tí òkun fà sẹ́yìn.

Adé, ẹ jọ̀ọ́: Onítẹ̀bọmi ni Màmá. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú Old Colwyn sí wọn létí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ débẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé òpin ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá á rọ̀ yín lọ́rùn? A ò nílò hot tub.

Adé (Bangor)

Ẹ máa bọ̀. Inú mi dùn gan-an. Màmá á sùn sílé wa, yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn. Kò ju bíi máìlì 20 lọ láti ibí dé ibẹ̀ lórí A55. Bàtà tó nípọn ni kí wọ́n wọ̀, koríko ibẹ̀ máa ń kún fún omi ní oṣù yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Manchester)

Manchester ò jìnnà sí Colwyn Bay. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀. Ẹ sọ aago.